Ẹ̀yìn Ríro Òṣìṣẹ́ Kì í Ṣe Àmúwá Ọlọ́run

Bí òṣìṣẹ́ kan bá já bọ́ láti orí àkàbà ní ibi iṣẹ́ tí apá rẹ̀ sì dá, gbogbo wa ni a ó sáré lọ síbẹ̀. Akọ̀wé ẹ̀ka yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá yóò wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó gbà-má-bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ kan náà bá ń ro ó díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, títí tí kò fi lè nàró ṣánṣán mọ́, kò sí ẹni tí yóò sáré. A ó ní ọjọ́ orí ni. A ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, tàbí làkúrègbé. Òṣìṣẹ́ náà yóò mu àgbo, yóò fi ìpara ra ìbàdí, yóò sì padà sí ẹnu iṣẹ́ tí ó fa ìrora náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìléwọ́ yìí ni pé púpọ̀ nínú ìrora ẹ̀yìn, ọrùn, èjìká, ọrùn ọwọ́ àti orúnkún tí ń bá òṣìṣẹ́ jà jẹ́ ìpalára ẹnu iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí apá dídá ti jẹ́. Ènìyàn ni ó pinnu bí ẹrù yóò ti wúwo tó, bí ìjókòó yóò ti ga tó, àti iye wákàtí tí a ó fi ṣiṣẹ́ kí a tó sinmi. Ohun tí ènìyàn bá sì pinnu, ènìyàn lè tún un pinnu. Nítorí náà, orí tábìlì tí ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń jíròrò lórí owó oṣù ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà pẹ̀lú.

Ẹ JẸ́ KÍ A WO KÙMÁSÌ

Mo mú ìlú Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà ṣe àpẹẹrẹ fún ìdí méjì. Èkíní, ìlú náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà àti ní Ìnísà ni ó ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí ó ṣòwò ní Gánà, kí àṣẹ tí ìjọba Busia pa fún àwọn àjèjì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn padà wálé. Èkejì, oríṣiríṣi iṣẹ́ tí a ń ṣe ní ilẹ̀ wa ni ó kóra jọ sí ìlú kan ṣoṣo yìí. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ kan rìn yí i ká yóò rí i pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó ti ń bu ara òṣìṣẹ́ jẹ.

Ní Kejetia àti ní ọjà ńlá àárín ìlú, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń pè ní kayayei ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Kaya ni ẹrù ní èdè Haúsá. Apá àríwá Gánà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, alábàárù sì ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó wà ní Bódìjà, ní Ọyìngbò àti ní Mile 12. Abọ́ irin fífẹ̀ ni wọ́n fi ń ru iṣu, tòmátì àti ìdì aṣọ láti ìdí ọkọ̀ dé ìsọ̀ àwọn oníṣòwò, àwọn mìíràn nínú wọn sì pọn ọmọ sí ẹ̀yìn. Òṣùká gba orí wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ọrùn. Àwọn egungun kéékèèké inú ọrùn, pẹ̀lú kérékèré tí ó wà láàárín wọn, ni ẹrù ń tẹ̀ mọ́ra wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nígbà tí a bá sì fẹ́ sọ ẹrù náà kalẹ̀, ìbàdí ni yóò gbà á. Wọn kò ní ọ̀gá kan pàtó, ìrìn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba owó lé lórí, ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá sì wúwo jù ni ó ń retí owó jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, egungun wọn sì ń dàgbà lọ́wọ́.

Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ dé Suame Magazine, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtúnṣe ọkọ̀ tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mẹkáníìkì kan tẹ̀ kọdọrọ sínú ẹ́ńjìnnì, òmíràn dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ọrùn rẹ̀ sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan fún odidi wákàtí. Àwọn tí ń na ìrin pẹ̀lú òòlù ń fi èjìká àti ìgúnpá gba ìró òòlù náà padà. Bí a bá sì fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì níbi tí kò sí ẹ̀rọ ìgbẹ́rù, àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò fi ọwọ́ gbé e. Ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa rí yóò mọ̀ pé bákan náà ni ó rí níhìn-ín.

Ní Bonwire, ìlú kékeré kan nítòsí Kùmásì, àwọn ahunṣọ ń hun kente. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ ọnà kente sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé bu ọlá fún. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ahunṣọ náà fúnra rẹ̀: ó jókòó sórí ìjókòó tí kò ní ohun ìfẹ̀yìntì, ó tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fa okùn òfì nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ju ọ̀kọ̀ òwú lọ sí ọ̀tún, ó ń jù ú padà sí òsì, àìmọye ìgbà lójúmọ́. Èjìká, ọrùn ọwọ́ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń san gbèsè aṣọ náà. Àwọn tí ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn kò nílò kí n ṣàlàyé èyí fún wọn.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ alágbára nìkan ni. Nọ́ọ̀sì tí ó ń yí aláìsàn padà lórí ibùsùn, tí ó ń gbé e láti orí ibùsùn sí orí àga, ń gbé ohun tí ó wúwo ju àpò síméńtì lọ, aláìsàn kò sì ní ibi tí a ti lè dì í mú dáadáa bí àpò. Télọ̀ tẹ orí ba lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Awakọ̀ ń fi ìdí àti ìbàdí gba gbogbo kòtò ojú ọ̀nà. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ báńkì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà títí ọrùn fi gan, tí àwọn ìka sì ń kú bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn. Iṣẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìpalára náà ń gbà wọlé kò yàtọ̀ púpọ̀.

BÍ Ó TI Ń WỌ ARA

Iṣan ni ó ń fa egungun kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó lè gbéra. Bí iṣan bá ṣiṣẹ́, ó ń rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sinmi, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tuntun wọ inú rẹ̀, àwọn ibi kéékèèké tí ó ti ya yóò sì jinná. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fún un ní àyè, ìfàya tòní yóò gorí ti àná. Wéréwéré ni ikán ń jẹ́lé: ọjọ́ tí ilé bá wó kọ́ ni ikán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ohun kékeré kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì há, tí àwọn ènìyàn yóò sì máa wí pé nǹkan kékeré náà ni ó ṣe é.

Ohun márùn-ún ni ó ń yára fa ìpalára yìí: ẹrù tí ó wúwo jù, ìdúró tàbí ìjókòó tí ó lọ́ ara po, ṣíṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe, ẹ̀rọ tí ń gbọn ara, àti àìsinmi. Bí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn bá pàdé lára ènìyàn kan, ewu náà a pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ gbé korobá omi kan mọ́ àyà yín, lẹ́yìn náà kí ẹ na ọwọ́ jáde pẹ̀lú rẹ̀. Omi náà kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìbàdí yín yóò sọ fún yín pé ẹrù ti di méjì. Nítorí náà, kì í ṣe ìwọ̀n ẹrù nìkan ni a ó máa béèrè, a ó tún béèrè ibi tí a gbé e sí, bí ó ti jìnnà sí ara tó, àti iye ìgbà tí a gbé e.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1700, oníṣègùn ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Bernardino Ramazzini tẹ ìwé kan jáde lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó gba àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi aláìsàn: irú iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ẹ̀yìn ríro lọ sí ilé ìwòsàn, mélòó nínú yín ni a bi ní ìbéèrè yẹn?

Ohun tí ó tún burú ni pé a ń fi oògùn bo ìrora mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ alábàárù, awakọ̀ àti oníṣẹ́ agbára ní Gánà àti ní Nàìjíríà ni ó ń lo tramadol kí wọ́n lè gbé ẹrù ọjọ́ náà dé ilé. Ìrora ni agogo tí ara ń lù láti kìlọ̀ fún wa. Ẹni tí ó bá di agogo náà lẹ́nu kò tíì pa iná tí ń jó, oògùn náà sì tún ń di bárakú fún un.

TA NI Ó SỌ PÉ ÀPÒ GBỌ́DỌ̀ WÚWO BÁYÌÍ?

Ẹ jẹ́ kí a wo àpò kòkó. Àwọn ilé ìkẹ́rù ní Kaase, ní Kùmásì, wà lára ibi tí kòkó ilẹ̀ Gánà ń gbà kọjá lọ sí òkè òkun. Nígbà tí ìjọba Gánà bá ń kéde iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, kìlógíráàmù 64 ni wọ́n ń ka àpò kan sí. Ní ọdún 1967, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tí a mọ̀ sí ILO ṣe Àdéhùn kẹtàdínláàádóje lórí ẹrù gbígbé. Ìmọ̀ràn tí ó bá a rìn sọ pé, níbikíbi tí ìwọ̀n ẹrù tí a gba àgbàlagbà ọkùnrin kan láyè láti gbé bá ju kìlógíráàmù 55 lọ, kí a tètè wá ọ̀nà láti dín in kù dé ibẹ̀. Ó ní ti obìnrin àti ti ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ kéré sí ti ọkùnrin púpọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: àpò kòkó kan fi kìlógíráàmù 9 ju ìwọ̀n náà lọ.

Ẹni kan ni ó jókòó sí ibì kan tí ó sọ pé kí àpò jẹ́ 64. Igi kòkó kò so àpò. Ẹ tún wo síméńtì. Kìlógíráàmù 50 ni àpò síméńtì wa àti ti Gánà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 50 ni tiwọn náà jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n 25 ni àpò tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ lónìí, lẹ́yìn tí òfin lórí ẹrù fífi ọwọ́ gbé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1993. Wọn kò tìtorí èyí dáwọ́ ilé kíkọ́ dúró. Síméńtì kan náà ni, ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ó gbé e ni a rò mọ́ ọn.

Àwọn agbanisíṣẹ́ yóò wí pé owó àtúnṣe kò sí. Ọ̀pọ̀ nínú àtúnṣe yìí kò gba owó ńlá. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a fi ń ti ẹrù, tábìlì tí ó ga dé ìbàdí, ìjókòó tí ó ní ohun ìfẹ̀yìntì, àti ẹ̀wọ̀n ìgbẹ́rù tí a so mọ́ férémù irin kì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ ti òkè òkun kó wá. Láti ọdún 1980 ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Kùmásì ti dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Suame láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí a ti ń ṣe irinṣẹ́ àti ẹ̀rọ. Ọwọ́ tí ó lè rọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ lè rọ ohun tí yóò gbé ẹ́ńjìnnì sókè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ àti ajórin tiwa náà.

Ìbéèrè tí ó le jù wá láti ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ẹni tí ń gba owó lórí iye àpò yóò wí pé: bí ènìyàn méjì bá gbé àpò kan, ṣé a ó pín owó rẹ̀ sí méjì ni? Bí àpò bá kéré, ṣé owó mi náà kò ní kéré? Òótọ́ ni. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìmọ̀ràn nípa egungun ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ kò fi gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ̀n ẹrù láìbéèrè owó iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá dín ìwọ̀n àpò kù, iye owó lórí tọ́ọ̀nù kan kò gbọ́dọ̀ dín kù. Bí a bá fi ìṣẹ́jú ìsinmi sí i, owó ọjọ́ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Àwọn àgbà ní olóhun ní í gbé ohun rẹ̀ níbi tí ó ti wúwo. Ẹni tí ó ni kòkó, tí ó sì ń jèrè rẹ̀, ni ó yẹ kí ó gbé ìnáwó àtúnṣe. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ tí ó wúwo ni a gbé fún alágbàṣe.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní Gánà, òfin iṣẹ́ ti ọdún 2003 fi dandan lé e fún agbanisíṣẹ́ láti pèsè ibi iṣẹ́ tí kò léwu. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tí ó fara pa kò mọ sí jàǹbá ojijì nìkan, ó kan àìsàn tí iṣẹ́ fà pẹ̀lú. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó sínú àpò náà, ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́, àjọ NSITF sì ni ó ń bójú tó o. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ náà létí. Nínú ìwé àwọn àìsàn ẹnu iṣẹ́ tí ILO tún ṣe ní ọdún 2010, àìsàn iṣan àti oríkèé wà níbẹ̀ lórúkọ, ti ọrùn ọwọ́, ti ìgúnpá àti ti orúnkún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìpàdé gbogbogbòò ILO ka ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́, ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Níbo ni ìṣòro wà nígbà náà? Apá dídá ní ọjọ́ tí ó dá. Ẹ̀yìn ríro kò ní ọjọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá dákẹ́ fún ọdún márùn-ún kí ó tó sọ̀rọ̀, wọn yóò bi í pé, kí ni ẹ̀rí pé kì í ṣe oko ilé rẹ ni ó ti rí i? Àkọsílẹ̀ nìkan ni ó lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ọjọ́ tí ìrora bá kọ́kọ́ bá yín lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ ti jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ibi tí ó ń dùn yín. Ẹ má sì kọ ọ́ ní ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ọ̀nà kan wà tí àwa olùkọ́ni nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń lò, tí kò ná ẹ̀ka yín ju páálí kan àti bírò lọ. Ẹ ya àwòrán ènìyàn sára páálí náà, iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ìpàdé, kí olúkúlùkù wá fi àmì sí ibi tí ó ń dùn ún. Ẹ má ṣe kọ orúkọ. Mo ti rí i ní kíláàsì pé àwọn tí ó jókòó ní ìdákẹ́ jẹ́ẹ́, tí olúkúlùkù rò pé àrùn ìdílé tòun ni, a máa ya ẹnu nígbà tí wọ́n bá rí i tí àmì ogún ènìyàn bọ́ sójú kan náà. Bí àmì bá tú káàkiri, ọjọ́ orí lè wà níbẹ̀. Bí àmì àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà bá gún sójú kan, iṣẹ́ ni. Páálí náà ni ẹ ó gbé lọ bá agbanisíṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ó ń fa ìrora jù, kí ẹ béèrè àtúnṣe rẹ̀ ní kedere. Ẹ má ṣe wí pé “a fẹ́ ìlera.” Ẹ wí pé “a fẹ́ kẹ̀kẹ́ ìtẹ́rù mẹ́rin,” tàbí “a fẹ́ ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín wákàtí méjì-méjì,” tàbí “kí ènìyàn méjì máa yí aláìsàn padà.” Ohun tí a bá lè kà ni a lè dì mú nínú ìwé àdéhùn.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Alábàárù tí ó ń já ẹrù ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ yín kò ní akọ̀wé ẹ̀ka tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àpò tí ó wúwo lórí rẹ̀ ni yóò wúwo lórí ọmọ ẹgbẹ́ wa bí wọ́n bá ti gbé e wọ inú ọgbà. Bí àpò bá sì fẹ́rẹ̀ níbẹ̀, ti àwa àti tirẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òótọ́ ni fún ẹrù, òótọ́ ni fún ẹgbẹ́ pẹ̀lú.

Fún ìjíròrò ní ẹ̀ka yín:

1. Nínú iṣẹ́ tiyín, ibo ní ara ni ó ń dun àwọn òṣìṣẹ́ jù, kí ni wọ́n sì ń pè é?

2. Kí ni ìwọ̀n ẹrù tí ó wúwo jù tí ẹnì kan ń dá gbé ní ibi iṣẹ́ yín? Ta ni ó pinnu rẹ̀?

3. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan wà nípa ìwọ̀n ẹrù, ìjókòó tàbí ìsinmi nínú ìwé àdéhùn yín pẹ̀lú agbanisíṣẹ́? Bí kò bá sí, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè?